Corolla 2004 ń gbóná nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ó ń rọ̀ tí mo bá sáré: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkàndé_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Corolla 2004 ni mo ń gùn, ẹ́ńjìnnì 1.8, 1ZZ-FE. Tí mo bá ń lọ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò sí wàhálà kankan, ọwọ́ ìgbóná inú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í dé àárín pàápàá. Àmọ́ bí mo bá ti wọ Ìwó Road nírọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ ń sún díẹ̀díẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Tí mo bá wá tan AC pẹ́nrẹ́n, àfi kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n pa á. Bí ọ̀nà bá sì ti ṣí, tí mo sáré díẹ̀, á tún padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù) ti lọ, pé kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ kí òun tú u. Owó tó pè kì í ṣe owó kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ nǹkan kan wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti yọ thermostat (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì tó sì ń pa á) jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi lásán ló sì wà nínú rádíétọ̀. Iná check engine ń tàn, kóòdù P0128 ni skánà ń gbé jáde. Mo ní sípánà, mo ní tẹ́sítà, mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi wá ohun tó ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó tú ẹ́ńjìnnì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Dírẹ́bà_Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kí rewáyà da fáànù yẹn dírẹ́ẹ̀tì sórí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá ti ṣíná báyìí, kó máa yí lọ títí ẹ ó fi pa á. Ó tán. Ti thermostat, ẹ má fi da ara yín láàmú, ooru ilẹ̀ wa yìí kò fẹ́ ẹ. Gbogbo mọ́tò akérò tí mo ti gùn ni wọ́n ti yọ ọ́.

Rewáyà_Mókólá

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì yẹn o. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn iwájú ló ń fẹ́ rádíétọ̀. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tí yóò fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ tó ń gbóná lórí ìdúró, tó ń rọ̀ lórí eré, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti lọ kì í yan ibi tí yóò ti da èèyàn láàmú, orí eré àti orí òkè gan-an ló ti ń pọ̀ jù.

Ẹ ṣíná, ẹ tan AC, kí ẹ lọ dúró níwájú. Fáànù yẹ kó yí kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Bí kò bá yí, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ fa wáyà méjì wá láti orí bátìrì, kí fúùsì wà lórí èyí tó ti orí pọ́síífù wá. Tó bá yí gbárá tó sì lágbára, mọ́tọ̀ fáànù kò ní nǹkan kan, ẹ padà sídìí fúùsì, relay (ohun tó ń tan iná fáànù tó sì ń pa á) àti wáyà. Tó bá ń falẹ̀ tàbí tó ń dún, mọ́tọ̀ ti ń kú lọ.

Relay rẹ̀ wà nínú àpótí fúùsì lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ẹ wá òmíràn tó ní nọ́ńbà kan náà nínú àpótí yẹn, kí ẹ pààrọ̀ wọn fún ìdánwò. Ẹ máà tíì ra ohunkóhun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ọwọ́ bọ inú fáànù nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lójú iná. Ó lè dédé yí láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó ti gé ọmọ iṣẹ́ kan níka ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

MàmáTolú_Abẹ́òkúta

Tèmi kì í ṣe fáànù o. Ọmọrí rádíétọ̀ ni. Corolla kan náà, ṣùgbọ́n ti 2006. Omi ń tán nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ibi tó ti ń kán sílẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ pọ́ǹpù omi fún mi kí bàbá kan ní ọjà tó gba ọmọrí yẹn lọ́wọ́ mi, tó yí i dojú dé, tó fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà ti gan, ó ti là yíká, síprìngì kò sì ta padà mọ́.

Wọ́n kọ 1.1 sí ojúlówó rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yóò há omi mọ́ inú títí agbára tó ń tì í yóò fi tó bẹ́ẹ̀, òun ni omi kì í fi í hó ní 100 dígírì Celsius bíi ti inú ìkòkò, á tó nǹkan bí 120 kó tó hó. Tí ọmọrí kò bá di dáadáa, omi á máa hó ṣáájú àsìkò, á tú dà sínú ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rádíétọ̀, kò sì ní rí agbára fà padà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kò wọ́n rárá.

Ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná. Ẹ dúró títí ọwọ́ yín yóò fi lè di hóòsì òkè mú láìjó yín. Ọmọ àbúrò mi ṣì ní àpá lọ́rùn.

Ẹ̀rọ_Ifẹ̀

Dírẹ́bà, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ èyí tí ẹ sọ nípa thermostat. Ooru wa ní ọ̀sán gangan lè tó 35 tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 85 sí 95. Àárín méjèèjì jìn síra. Thermostat tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84, kó tó dé ibẹ̀ ọ̀nà pa mọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè tètè yá. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi tútù ń kọjá láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí P0128 ń wí gan-an nìyẹn: omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó. Àkàndé náà sì ti sọ ọ́, ó ní lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ọwọ́ ìgbóná kì í dé àárín. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó yá dáadáa, àárín ló ń dúró sí.

Àìsàn méjì ló wà lára ọkọ̀ yìí, ó tutù jù lórí eré, ó gbóná jù lórí ìdúró. Ẹ má wá oògùn kan ṣoṣo fún méjèèjì.

Dírẹ́bà_Ìlọrin

Ẹ̀rọ, ìwé lẹ kà, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú pópó. Ẹnìkejì mi ní gáréèjì ra thermostat tuntun, ó fi sí i, ó gbé èrò Ògbómọ̀ṣọ́. Nǹkan náà kọ̀ kò ṣí. Kó tó mọ̀, ẹ́ńjìnnì ti dì. Ojúmọ́ kan péré. Ìdí tí àwa fi ń yọ ọ́ nìyẹn. Èyí tó kọ̀ láti ṣí burú ju èyí tí kò sí lọ.

Ẹ̀rọ_Ifẹ̀

Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀, ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ẹ̀rù rẹ̀ sì tó í bà èèyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dán an wò kó tó wọ inú ọkọ̀. Ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi, kó má kan ìdí ìkòkò, kí ẹ gbé e ka iná. Bí omi bá ti súnmọ́ híhó, ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀, kó tó hó gan-an yóò ti ṣí gbayawu. Ẹ yọ ọ́ síta, á padà pa dé bó bá ti tutù. Bí ẹ bá ní tẹ̀mómítà, ẹ rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ ka iye tó fi ṣí. Èyí tí omi hó tí kò là, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí ẹnìkejì yín bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á ṣì wà.

Àkàndé, nínú 1ZZ kì í ṣe orí hóòsì òkè lẹ ó ti wá ilé rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ alternator (ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú bátìrì), níbi tí omi tó ti tutù ti ń padà wọlé. Nọ́ọ̀tì méjì ló dè é. Lára thermostat náà, ẹ ó rí ohun kékeré kan tó ń mì jìgìjìgì. Kí ó wà lókè nígbà tí ẹ bá ń tì í sí i, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Rọ́bà tuntun ni kí ẹ fi yí i ká.

AlàgbàMẹkáníìkì

Mo ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nípa gásíkẹ́ẹ̀tì, kí ọkàn Àkàndé lè balẹ̀, tàbí kó mọ̀ pé kò balẹ̀.

Rewáyà, ọmọ mi, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ lè fara jọ ti fáànù. Ó lè má hàn lórí eré tí kò le. Nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀. Lówùúrọ̀, kí ọkọ̀ tutù nini, ẹ ṣí ọmọrí rádíétọ̀, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, kí ẹ ṣíná. Ẹ máa wo ojú omi. Ìfófòó díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe nǹkan, afẹ́fẹ́ tó há sínú ni. Ṣùgbọ́n tó bá ń yọ bọ́lọbọ̀lọ láìdáwọ́ dúró, tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ sí i tó ń tú omi síta, afẹ́fẹ́ iná inú ẹ́ńjìnnì ló ń wọ inú omi. Gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Bákan náà, tí ọmọrí bá wà lórí, tí hóòsì òkè sì le gbagidi kí ọkọ̀ tó yá rárá, ìṣòro wà. Ẹ ṣí ọmọrí ọ́ìlì, ẹ yọ ọ̀pá ìwọ̀n. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ti bá ọ́ìlì pàdé. Èéfín funfun tó ń jáde láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti yá náà jẹ́ àmì.

Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan nínú wọn, ẹ má tú u. Aluminíọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yìí, aluminíọ̀mù náà ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sípánà tó ń wọn agbára, tó ń fi ọwọ́ lásán dé bóòtù orí, yóò ba gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun jẹ́ fún ọ láàárín oṣù díẹ̀.

Àkàndé_Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá, ẹ̀yin náà, gbogbo yín. Mo ti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ti gásíkẹ́ẹ̀tì: ìfófòó díẹ̀ jáde, ó sì dáwọ́ dúró. Ọ́ìlì mọ́, kò sí wàrà níbẹ̀. Hóòsì rọ̀ títí ọkọ̀ fi yá.

Ti fáànù: mo tan AC, kò yí rárá.

Kọ́lá_Birmingham

Kí ẹ tó dá fáànù lẹ́bi, ṣé AC yẹn ń mú tútù wá? Tí gáàsì rẹ̀ bá ti tán, kọ́mpúrẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC) kò ní wọlé, fáànù náà lè má yí, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ìdánwò Rewáyà dára, ṣùgbọ́n orí AC tó ní gáàsì nìkan ló ti dúró. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí iná títí yóò fi gbóná, kí ẹ máa wo iye rẹ̀ lórí skánà. Kó tó kọjá 100, fáànù gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó kọjá ibẹ̀ tí kò yí, ẹ pa á.

Àkàndé_Ìbàdàn

AC ń tutù dáadáa lórí eré, gáàsì wà. Mo tún ṣe ti skánà náà. Ó dé 101, fáànù kò mira, mo pa á.

Mo wá yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù. Ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀ ti dúdú, ike tó yí i ká ti yọ́, ó lẹ̀ mọ́ra débi pé mo fi súkúrú-díráfà yọ ọ́. Mo fa wáyà láti orí bátìrì: fáànù yí, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀, ó ń kùn. Tí mo bá pa á tí mo fi ìka yí i, ó ń há níbì kan. Fúùsì dára, mo pààrọ̀ relay, kò yí nǹkan kan padà.

Rewáyà_Mókólá

Ẹ ti rí i. Kì í ṣe nǹkan méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mọ́tọ̀ tó ń há máa ń fa iná ju agbára wáyà lọ, iná yẹn ló sè ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá pààrọ̀ mọ́tọ̀ nìkan, ẹsẹ̀ tó ti jó yẹn kò ní gbé iná dáadáa mọ́, yóò tún gbóná. Bí ẹ bá pààrọ̀ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan, mọ́tọ̀ yóò tún sè é. Méjèèjì ni. Ẹ gé wáyà náà sẹ́yìn títí ẹ ó fi dé ibi tí bàbà inú rẹ̀ ti ń dán. Èyí tó ti dúdú kò ní gba lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀.

Tòkunbọ̀ dára tí ẹ bá yàn án dáadáa. Kí wọ́n gbé bátìrì wá kí wọ́n yí i níṣojú yín. Ẹ fi ọwọ́ mì ọ̀pá àárín rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò gbọdọ̀ jó. Tí ẹ bá dé e tán, ẹ mú bébà kan, ẹ gbé e sí iwájú ọkọ̀ níbi gíríìlì nígbà tí fáànù ń yí. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Bí bébà bá ń fẹ́ bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, wáyà ti yí padà, fáànù ń fẹ́ síwájú dípò kó fà sẹ́yìn. Lórí eré yóò máa bá atẹ́gùn jà. Mo ti rí i lára ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ rádíétọ̀ àti pọ́ǹpù omi lórí rẹ̀ lásán.

Dírẹ́bà_Ìlọrin

Tí ẹ bá ti wà níbẹ̀ náà, ẹ kúkú dà á dírẹ́ẹ̀tì.

Rewáyà_Mókólá

Ẹ̀gbọ́n, èmi ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ dírẹ́ẹ̀tì wá bá. Fáànù tó ń yí láti àárọ̀ dalẹ́, bọ́rọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á tètè jẹ tán, alternator náà á máa gbé ẹrù tí kò yẹ. Èyí tó burú jù ni wáyà. Wọ́n á fa wáyà tín-ín-rín láti orí kọ́kọ́rọ́, láìsí relay, láìsí fúùsì. Iná fáànù pọ̀ ju ti gílóòbù lọ fíìfíì. Ibi ìkọ́kọ́rọ́ ló ń jó. Bó bá di ọ̀ràn-anyàn pé kí èèyàn dé ilé lálẹ́ ọjọ́ kan, kí wáyà nípọn, kí relay tirẹ̀ wà, kí fúùsì wà nítòsí bátìrì. Kó sì tú u lọ́jọ́ kejì. Ti Àkàndé kò dé ibẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń pàṣẹ, mọ́tọ̀ ni kò lè jẹ́ ẹ.

Dírẹ́bà_Ìlọrin

Ti wáyà tín-ín-rín yẹn, mo gbà fún ọ. Mo ti rí èyí tó mú iná.

Ọmọ_Káwọ́ọ̀ṣì

Ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí ẹ bá yọ fáànù, àyè ti ṣí. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín rádíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà AC (èyí tó dà bíi rádíétọ̀, tó wà níwájú rẹ̀). Erùpẹ̀, ewé àti ìyẹ́ kòkòrò máa ń dì síbẹ̀ bíi tìmùtìmù, iwájú kì í jẹ́ kó hàn. Láti ẹ̀yìn, níbi ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ ti fi omi tì í jáde síwájú. Kí ẹ má lo ẹ̀rọ omi alágbára ní tòsí, ó máa ń tẹ àwọn etí rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pọ̀, atẹ́gùn kò sì ní rí ọ̀nà kọjá mọ́. Hóòsì ọgbà tó.

Kọ́lá_Birmingham

Ti omi ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún da omi kànga sínú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé nítorí òtútù ìlú òyìnbó nìkan ni kúláǹtì ṣe wà. Níbí lóòótọ́, bí omi bá dì nínú ẹ́ńjìnnì, ó lè là á. Nílé, oògùn ìpata inú rẹ̀ lẹ nílò jù. Omi lásán ń jẹ aluminíọ̀mù àti pọ́ǹpù omi, ẹfun inú omi kànga ń dì mọ́ ojú ihò rádíétọ̀. Kúláǹtì tún ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Bó bá jẹ́ ògidì, ẹ pò ó mọ́ omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ (distilled water), ìdajì-ìdajì. Bí wọ́n bá ti pò ó, ẹ má fi omi kún un. Ẹ má sì da aláwọ̀ ewé mọ́ aláwọ̀ pupa, oògùn inú wọn lè má bára mu.

MàmáTolú_Abẹ́òkúta

Omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀, níbo la ti ń rí i nílé? Omi bátìrì ni, àbí?

Ẹ̀rọ_Ifẹ̀

Màmá, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Méjì ni wọ́n ń tà ní omi bátìrì. Èyí tí wọ́n fi ń kún bátìrì, tó jẹ́ omi lásán tó mọ́, dára. Èyí tó jẹ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ bátìrì tuntun, kò gbọdọ̀ súnmọ́ rádíétọ̀, kò sì gbọdọ̀ kan ọwọ́ yín. Ẹ ka ara ike rẹ̀. Bó bá rú yín lójú, ẹ ra kúláǹtì tí wọ́n ti pò, kó tán síbẹ̀.

Àkàndé, nígbà tí ẹ bá ń bu kúláǹtì tuntun, ẹ gbé imú ọkọ̀ sórí ibi tó ga díẹ̀, ẹ ṣí híítà inú ọkọ̀ sí gbígbóná pátápátá, ẹ fi ọmọrí sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí thermostat yóò fi ṣí. Omi á dédé wálẹ̀, ẹ kún un. Ẹ rọra máa fún hóòsì òkè pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú lè mú kí ọkọ̀ tó ti sàn tún máa gbóná.

Àkàndé_Ìbàdàn

Mo padà dé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra fáànù tòkunbọ̀, wọ́n yí i níṣojú mi. Mo fi ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, mo gé wáyà sẹ́yìn dé ibi tó ń dán. Bébà lẹ̀ mọ́ gíríìlì. Thermostat àkọ́kọ́ tí mo rà, omi hó lórí rẹ̀, kò là. Mo dá a padà, ìyàwó ẹni tó tà á gan-an ló wá fi ìkòkò tirẹ̀ dán èkejì wò fún mi. Èyí là. Ìdọ̀tí tó wà láàárín rádíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà tó kún garawa kékeré kan. Ọmọrí tuntun, kúláǹtì tí wọ́n ti pò.

Àná, Ìwó Road dí pa láti ọ̀sán. Mo tan AC, mo jókòó sínú rẹ̀. Ọwọ́ ìgbóná dúró ní àárín. Skánà ń sọ 92, 95, fáànù á wọlé, á padà sí 89. Iná check engine ṣì ń tàn.

Ẹ̀rọ_Ifẹ̀

Ẹ pa kóòdù náà rẹ́ lórí skánà, tàbí kí ẹ máa gùn ún, yóò kú fúnra rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ti rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yá dáadáa ní ìgbà bíi mélòó kan. Tó bá tún padà wá, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

AlàgbàMẹkáníìkì

Ẹ kú oríire. Ohun kan ló kù. Bí ọmọrí àtijọ́ yẹn kò bá há agbára mọ́ inú mọ́, ìrọ̀rùn ti mọ́ gbogbo hóòsì àti rádíétọ̀ lára. Ọmọrí tuntun ti dá agbára padà. Ibi tó bá ti gbó ni yóò ti jò báyìí. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí ike òkè rádíétọ̀ ti pàdé irin, àti ẹnu hóòsì méjèèjì. Ẹ wo abẹ́ pọ́ǹpù omi náà, ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Tó bá lómi tàbí tó ní àmì kúláǹtì tó gbẹ, pọ́ǹpù ń múra àtilọ.

Àkàndé_Ìbàdàn

Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni. Pọ́ǹpù gbẹ. Ṣùgbọ́n ní etí ike òkè, lápá ọ̀tún, àmì pupa kan ti gbẹ mọ́ ọn, kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé gọ́ọ̀mù lè dí i?

AlàgbàMẹkáníìkì

Má fi gọ́ọ̀mù sí i. Ike yẹn ti gbó, ó máa là gbàràdà lọ́jọ́ tí o kò retí. Bẹ̀rẹ̀ sí í wá rádíétọ̀. Kó o tó rí i, máa wo ìwọ̀n omi láràárọ̀ kí o tó ṣíná, kí o sì gbé kúláǹtì kan sínú búùtù.